Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ Àwọn Ẹnjiníà Ilẹ̀ Nàìjíríà: Ẹ Gba Herbert Macaulay Padà

Sí Ààrẹ, àwọn ìgbìmọ̀ aláṣẹ àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ Nigerian Society of Engineers,

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mi ò sì wá bá yín jiyàn lórí iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó jẹ́ tiyín ni mo gbé wá, ẹni tí àwọn olóṣèlú ti gbà lọ́wọ́ yín tipẹ́tipẹ́. Herbert Samuel Heelas Macaulay ni mò ń sọ.

Ẹ bi ọmọ iléèwé èyíkéyìí ní Èkó pé ta ni Macaulay. Á ní bàbá òṣèlú Nàìjíríà ni. Tó bá jẹ́ ọmọ tó ń kàwé, á dárúkọ NNDP, ẹgbẹ́ òṣèlú tó dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1923, á sì fi kún un pé àwòrán rẹ̀ ló wà lára náírà kan. Ẹ wá bi í pé iṣẹ́ wo ni ọkùnrin náà kọ́. Nínú kíláàsì tèmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wo ojú ara wọn. Ọ̀kan á ní lọ́yà ni. Òmíràn á ní oníwèé ìròyìn ni. Ó máa ń pẹ́ kí ẹnì kan tó dá a lábàá pé ẹnjiníà ni, ẹnjiníà ọ̀nà àti omi àti ilé, iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ń pè ní civil engineering. Ní Yábàá ni mo ti ń kọ́ wọn. Lójoojúmọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yabatech àti Yunifásítì Èkó tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí kan náà ń wọ dáńfó kọjá lórí títì tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ó ń dùn mí púpọ̀. Bí mo ṣe ń ka ìtàn rẹ̀ lákàtúnkà ni ó ń hàn sí mi pé ohun tó ṣe nínú òṣèlú kò lè yé èèyàn bí kò bá kọ́kọ́ mọ̀ pé awọnlẹ̀ ni, ẹni tó ti kọ́ láti wọn nǹkan kó tó la ẹnu. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1864 ni wọ́n bí i ní Èkó. Ọdún mẹ́ta péré ni òyìnbó ti gba ìlú náà. Ọdún 1864 yẹn kan náà ni wọ́n fi bàbá ìyá rẹ̀, Samuel Àjàyí Crowther, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ẹ mọ ibi tí Àjàyí ti wá: Òṣogùn, níbi tí wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821 nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé, kí ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun. Abigail, ọmọ Àjàyí, ló fẹ́ Thomas Babington Macaulay, àlùfáà tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tó wá di Nàìjíríà. Bàbá náà kú ní 1878, nígbà tí Herbert kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó ku ìyá, ó ku àwọn ẹbí ìyá, ó ku orúkọ ńlá méjì tí ọmọ náà ní láti máa gbé kiri ìlú.

Ní 1881 ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka Public Works. Akọ̀wé ni, níbi tí àwòrán ilé àti ìwé ilẹ̀ ọba ti ń gba ọwọ́ ẹni kọjá. Ní 1890, ní àsìkò Gómìnà Alfred Moloney, ìjọba rán an lọ sí Plymouth, ìlú etí òkun kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó jẹ́ awọnlẹ̀ àti ẹnjiníà omi fún ìlú náà ló ti kọ́ṣẹ́, bí ọmọṣẹ́ ṣe ń dúró ti ọ̀gá. Ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n sábà máa ń ka á sí ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó lọ kọ́ iṣẹ́ yìí lókè òkun. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun ni ẹ̀gbọ́n àgbà fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi «Engr.» ṣáájú orúkọ yín lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọdún 1890 yẹn, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sílé rẹ̀ nígbà tó lọ tán. Ní oṣù Kẹjọ, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere jókòó ìpàdé ní Onitsha. Wọ́n dójú ti Bíṣọ́ọ̀bù Crowther níbẹ̀, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì ń lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ níṣojú rẹ̀. Ọkàn bàbá náà gbọgbẹ́. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló kú ní Èkó. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní Plymouth, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé omi wọ ìlú. Ẹnikẹ́ni tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá ti bá lẹ́yìn odi mọ bó ṣe ń rí. Iṣẹ́ kò ní dúró dè ọ́, ọkọ̀ ojú omi kò sì lè gbé ọ délé kí wọ́n tó sin òkú. Nígbà tí mo bá ń kà nípa bí Macaulay ṣe bá òyìnbó amúnisìn wọ̀yá ìjà fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bàbá àgbà yẹn ni ojú mi máa ń lọ sí, níbi tó jókòó sí ní Onitsha.

Ó padà dé ní 1893, wọ́n sì fi í ṣe awọnlẹ̀ ilẹ̀ ọba ní Èkó. Ẹ̀yin mọ iṣẹ́ yìí, àmọ́ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ kò mọ̀ ọ́n, torí náà ẹ fún mi láyè. Ṣéènì ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ láyé ìgbà náà, ẹ̀wọ̀n irin tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 66, tó ní ojú 100. Ọmọṣẹ́ kan á di orí kan mú, èkejì á fà á títí á fi le dáadáa, wọn á kàn án mọ́lẹ̀, wọn á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, wọn á tún sún síwájú. Tí wọ́n bá dé òpin, wọn á tún un wọ̀n wá láti òdìkejì, kí àṣìṣe má baà gba ìdí wọlé. Awọnlẹ̀ tó bá fi ọdún márùn-ún ṣe èyí ní Èkó á mọ ohun tí gómìnà kò lè mọ̀ láéláé. Á mọ ilé ta ló fara kan ilé ta, ìdílé wo ló ni ìdí igi wo, èwo nínú àwọn Ìdéjọ onífìlà funfun ló ń ṣe olórí ilẹ̀ wo, àti ohun tí àwọn àgbà ìdílé máa ń sọ nígbà tí òpó ààlà bá yẹ̀. Mo gbà gbọ́ dájú pé orí pápá, nídìí ṣéènì, ni òṣèlú Macaulay ti bẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀n ọdún kó tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú kankan sílẹ̀.

Ní 1898 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Owó tí wọ́n ń san fún un kò tó ti òyìnbó tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọba náà ní ẹjọ́ tirẹ̀: wọ́n ní ó ń fi orúkọ ẹlòmíràn gba ilẹ̀ ọba fún ara rẹ̀. Mo kọ ẹ̀sùn náà síbí, torí pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé áńgẹ́lì ni mo ní kí ẹ gbà padà. Ó gba ìwé àṣẹ awọnlẹ̀ aládàáni, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, ó ń wọn ilẹ̀, ó ń ya àwòrán ilé. Wọ́n ka ilé Henry Carr, ọ̀mọ̀wé tó wá di alátakò rẹ̀ paraku, mọ́ àwọn ilé tó ya. Ẹ kò rí i bí Èkó ìgbà náà ṣe kéré tó: ẹni tí ẹ ó fi gbogbo ayé yín bá jà lè máa sùn lábẹ́ òrùlé tí ẹ yà fún un.

Oṣù Kejìlá ọdún 1898 yẹn náà ló gbé Caroline Pratt níyàwó, ọmọ ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ wo ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀gá, tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Kò pé ọdún. Ní oṣù Kẹjọ 1899, Caroline kú lórí ìkúnlẹ̀.

Macaulay kò tún ṣe ìgbéyàwó mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀, nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ó bá àwọn obìnrin mìíràn gbé, ó sì bímọ. Mi ò ní fi aṣọ bo ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀, n kò rí orúkọ Caroline nínú ìwé kíláàsì kankan tí mo ti lò. A sọ ọkùnrin náà di ère tó wọ kóòtù funfun, tó ní túbọ̀mu gígùn, tó ń pariwo lé gómìnà lórí. A gbàgbé opó ọkùnrin tó ń padà sílé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Stella Davies Coker ló bí i fún un. Stella yìí jẹ́ ọmọ Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Ẹ̀gbádò tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó lẹ́rú ní kékeré, tí Ọbabìnrin Victoria sì wá sọ di ọmọ ìrìbọmi rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà, orúkọ ìyá àgbà méjèèjì ni wọ́n sọ ọ́: Sarah láti ọ̀dọ̀ ìyá Stella, Abigail láti ọ̀dọ̀ ìyá Herbert, wọ́n sì fi Ìdòwú kún un. Àwọn ẹbí méjì tí ogun ẹrú gbá dànù ní ọ̀rúndún yẹn, ọ̀kan láti Òṣogùn, ọ̀kan láti ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, pàdé lára ọmọ kan ní Èkó, bàbá rẹ̀ sì rí i dájú pé orúkọ méjèèjì wọlé. Ìdòwú ló wá di ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Kwaku Adadevoh, dókítà tó ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó. Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh.

Bẹ́ẹ̀ ni, Ameyo yẹn. Ní oṣù Keje 2014, nígbà tí arìnrìn-àjò kan gbé Ẹ̀bólà wọ Èkó, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn wọn ní Ọ̀báléńdé ló kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò ní jáde, láìka bí wọ́n ṣe ń halẹ̀ mọ́ wọn sí. Àrùn náà pa á ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n kéde pé Ẹ̀bólà ti kúrò ní Nàìjíríà. Èèyàn mẹ́jọ ló kú ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Kò pé wákàtí kan tí mo sọ ìran yìí fún kíláàsì mi tí wọ́n fi ya igi ìdílé náà sára pátákó, láti ọ̀dọ̀ Àjàyí dé ọ̀dọ̀ Ameyo, wọ́n sì kọ «ẹnjiníà» sí abẹ́ orúkọ tó wà láàárín.

Mo fẹ́ padà sórí iṣẹ́ náà wàyí, torí pé lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ tí ẹ ní sí i ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù.

Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901. Ní 1908, Macaulay tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, ó fẹ̀sùn kan àwọn òyìnbó tó ń bójú tó owó rélùwéè pé wọ́n ń jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló lè bínú sí ìjọba nígbà náà. Ta ló lè wo ìnáwó ojú irin kó mọ ibi tí owó ti ń jò? Ẹni tó mọ iṣẹ́ ilẹ̀, tó mọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹ kó gbà àti iye òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wà nídìí rẹ̀. Ohùn ẹnjiníà ni Èkó gbọ́ lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olóṣèlú ni ìtàn kọ ọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ omi ló ṣòro jù, èmi gan-an sì ti bá a jìjàkadì púpọ̀. Ìjọba fẹ́ kọ́ iléeṣẹ́ omi ní Ìjù kí omi lè máa gba páìpù ṣàn wá sí Erékùṣù Èkó. Wọ́n sì fẹ́ kí ará ìlú san owó omi. Ní 1908 ìlú gbaná jẹ. Dókítà John Randle àti Dókítà Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá People's Union sílẹ̀ lọ́dún náà nítorí ọ̀rọ̀ yìí àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Nígbà tó tún di 1916 tí ìjọba ní dandan ni, ìjà náà tún bẹ́ sílẹ̀, Ọba Èṣùgbàyí Elékòó kò sì ti ìjọba lẹ́yìn bí wọ́n ṣe fẹ́. Nínú ìjà méjèèjì, Macaulay wà níwájú.

Ẹ lè bi mí pé: ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnjiníà omi, ṣé kò mọ̀ pé omi mímọ́ ń gba ẹ̀mí là? Ó mọ̀ ju gbogbo àwọn tó jọ ń jà lọ. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí wọ́n bu owó lé àwọn tí kò ní aṣojú tí wọ́n dìbò yàn nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, fún omi tí wọ́n rò pé àwọn òyìnbó ni yóò kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀, ní ìlú tí kànga wà ní agboolé. Mo gbà pé ìjà ẹ̀tọ́ ni. Síbẹ̀, mo rò pé ó yẹ kí Macaulay ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ ju bó ṣe yà á lọ. Èkó nílò omi Ìjù yẹn gidigidi, kànga kò sì lè gba ìlú tó ń kún lójoojúmọ́ là. Ẹnjiníà inú rẹ̀ ì bá sọ ìyẹn sókè ketekete, kí olóṣèlú tó máa bá owó omi náà jà. Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ dá ẹjọ́ yìí. Àwa olùkọ́ ìtàn ti dá a títí, a kò ní ìmọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá kò ní iyèméjì nínú ní tirẹ̀. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ kan níbẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ní ilẹ̀ ìdílé òun ni, kí wọ́n san owó rẹ̀ pé. Ilé ẹjọ́ ní Èkó kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1920 olóyè náà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London láti lọ pe ẹjọ́ níwájú Privy Council, Macaulay sì tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ní 1921 wọ́n dá Olúwa láre. Ilé ẹjọ́ tó ga jù nínú ìjọba amúnisìn náà gbà pé ilẹ̀ tí ìdílé ń jẹ lápapọ̀ kò lè di ti ọba bẹ́ẹ̀ ṣá, pé owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. £22,500 ni wọ́n san. Gbogbo ẹni tó ti ra ilẹ̀ ní Èkó, tó ti gba ìwé sọ́fè, tó ti bá ẹbí onílẹ̀ jókòó, ó wà lábẹ́ òjìji ẹjọ́ yẹn. Kò sì lè yà mí lẹ́nu pé awọnlẹ̀ ló jókòó ti olóyè náà, ẹni tó mọ ohun tí ààlà ń sọ.

Macaulay àti Ọba Èṣùgbàyí jìyà ìrìn-àjò yẹn. Macaulay gbé ọ̀pá àṣẹ Elékòó dání lọ sí London, ó sì sọ níbẹ̀ pé ọba náà ló yẹ kí wọ́n kà sí olórí gbogbo ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìjọba ní kí Èṣùgbàyí rán alágogo kiri ìlú pé òun kò lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ. Ọba kọ̀, kò rán agogo. Nígbẹ̀yìn, ní 1925, wọ́n yọ ọ́ lórí oyè, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì di 1931 kó tó padà sílé. Macaulay fúnra rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì: ní 1913 lórí owó ogún tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ní 1928 lórí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ tẹ̀ jáde. Ẹ̀wọ̀n àkọ́kọ́ ni kò jẹ́ kó lè du ipò kankan, àní nígbà tí ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ gba gbogbo àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Èkó ní nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1923. Ó ń yan àwọn ẹlòmíràn, òun ń padà sí Kirsten Hall, ilé rẹ̀, ó ń ta violin rẹ̀, ó ń kọ̀wé dòru.

Ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1946 ló kú ní Èkó, ẹni ọdún 81. Òun àti Nnamdi Azikiwe ń rin ìlú kiri fún ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC nígbà náà, láti ta ko òfin ìjọba tuntun tí Gómìnà Richards gbé dé. Kánò ni àìsàn ti mú un. Itẹ́ òkú Ìkòyí ni wọ́n sin ín sí, èrò sì kún ìgboro lọ́jọ́ náà débi pé àwọn àgbà Èkó ṣì ń sọ ọ́.

Ọdún 1958 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ yín sílẹ̀, ọdún méjìlá lẹ́yìn tó ti kú. Kò sí bó ṣe lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, mo mọ̀. Àmọ́ ní 2024 tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà etíkun Èkó sí Calabar, ọ̀nà 700 kìlómítà, gbogbo ìlú ló ń jiyàn lórí iye tí kìlómítà kan ń jẹ. Àwọn olóṣèlú ń sọ tẹnu wọn, àwọn onírédíò ń sọ tẹnu wọn, àwọn awakọ̀ dáńfó náà ń sọ. Ohùn tí èmi ń tẹ́tí sí ni tiyín, kí ẹnì kan tó mọ iye iyanrìn, iye ọ̀dà àti iye irin dìde, kó kà á fún wa lójú gbogbo ayé. Àwọn kan nínú yín ṣe bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run á san án fún wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó kù ì bá rọrùn fún láti sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n wọ iṣẹ́ náà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n wọn ṣe ní 1908.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju agbára yín lọ. Àwọn ìwé tí Macaulay fi sílẹ̀ wà ní Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn òpìtàn ti ka lẹ́tà inú wọn, wọ́n ti ka ìwé òṣèlú inú wọn. Ojú òpìtàn nìyẹn. Ẹ rán ẹnjiníà àti awọnlẹ̀ lọ síbẹ̀, àwọn tó lè wo ìṣirò owó iṣẹ́ tàbí ọ̀rọ̀ ààlà kan kí wọ́n sì sọ fún wa bóyá ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó ti tọ̀nà lórí omi Ìjù àti ibi tó ti ṣi ìṣirò. Ẹ bá àwọn alábòójútó ilé ìkàwé náà sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe lè ya àwọn ìwé náà sórí kọ̀ǹpútà kí ọjọ́ tó jẹ wọ́n tán. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń gba àwọn ẹnjiníà tuntun wọlé, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, ìtàn náà pátá, ti Plymouth, ti ṣéènì, ti ẹ̀wọ̀n. Ẹ má sì yọ Caroline kúrò nínú rẹ̀, tàbí Abigail, tàbí Ìdòwú.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan tẹ̀ lé àwọn tí ẹ máa rán lọ sí Ìbàdàn láti máa tú ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́, mo ṣe tán, n kò ní gba owó ọkọ̀. Ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ ló rọ̀ mí lọ́rùn jù, ṣùgbọ́n ìgbà yòówù tí ẹ bá pè ni màá wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìtàn kan ní Yábàá, Èkó